Ipasẹ̀ Èéfín: Bí Ara Ṣe Ń Jẹ́rìí sí Tábà

Èéfín tábà kì í wọ ara kó má fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ lé ní 7,000. Àwọn kan nínú wọn, tàbí ohun tí ara sọ wọ́n dà, ṣeé wá rí nínú ẹ̀jẹ̀, itọ́ ẹnu, ìtọ̀, èémí àti irun. Àwọn wọ̀nyí ni àmì inú ara. Wọ́n wúlò nítorí pé ìbéèrè ẹnu nìkan kì í tó: aláboyún tí ojú ń tì lè ní òun ti jáwọ́ nínú sìgá, ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń bá amusìgá gbé kò sì lè sọ iye èéfín tó ti fà símú.

Kótíníìnì ni àmì tí wọ́n ń lò jù. Níkótíìnì inú ewé tábà ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di kótíníìnì; ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà yìí. Níkótíìnì fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀: láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Ti kótíníìnì ń tó wákàtí 16 sí 18. Ẹni tó mu sìgá lálẹ́ àná, tó fọ ẹnu, tó tún jẹ obì lé e, kótíníìnì ṣì wà nínú itọ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Iye rẹ̀ ló ń ya amusìgá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn jókòó tì í. Nínú omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mu sìgá lójoojúmọ́, ó sábà máa ń lé ní nánógíráàmù 100 nínú mílílítà kan. Lára ẹni tó ń fa èéfín ẹlòmíràn símú, kì í sábà tó 10. Nígbà tí Scotland fòfin de sìgá mímu ní ilé ọtí àti ibi iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2006, kótíníìnì inú itọ́ àwọn àgbàlagbà tí kì í mu sìgá fi ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lára àwọn tí amusìgá kò sí nínú ilé wọn, ó fi 49 dín. Lára àwọn tó ń bá amusìgá gbé, 16 péré ni. Òfin ilé ọtí kò dé inú yàrá.

Àmọ́ níkótíìnì ni kótíníìnì ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe èéfín. Ìyá àgbà tó ń fi aáṣáà sẹ́nu ní i lára. Ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù oníníkótíìnì kó lè jáwọ́ nínú sìgá náà ní i, bẹ́ẹ̀ sì ni àgbẹ̀ tó ń já ewé tábà tútù, tí oje rẹ̀ ń gba awọ wọlé.

Bí ó bá jẹ́ ohun tó jó ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì inú èémí ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò á mí kanlẹ̀, á sé èémí fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 15, á wá rọra fẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ títí àyà rẹ̀ á fi ṣófo. Bí ẹ̀rọ bá ka 6 sí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mílíọ̀nù kan, wọ́n á fura sí sìgá. Ṣùgbọ́n ìdajì gáàsì yìí ń kúrò lára ní nǹkan bíi wákàtí 4 sí 5, iná igi àti jẹnẹrétọ̀ sì ń tú u jáde pẹ̀lú. Obìnrin tó ń yan gàrí nídìí ààrò láti àárọ̀ lè fẹ́ èémí amusìgá sínú ẹ̀rọ láìfi sìgá kan ẹnu rí.

Gàrí yìí kan náà tún ń da àmì mìíràn rú. Sáyánáìdì inú èéfín ni ara ń sọ di táyósáyánéètì, tí ìdajì rẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ara. Ẹ̀gẹ́ náà sì ní sáyánáìdì. Ní àwọn ọdún 1960, oníṣègùn B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn rí i pé táyósáyánéètì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn iṣan tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ olórí oúnjẹ wọn. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀rí àmì yìí kò múná.

Irun ló ń pa ìtàn mọ́ jù. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ló ń hù lóṣù. Sẹ̀ǹtímítà tó sún mọ́ awọ orí jù ń sọ níkótíìnì oṣù tó kọjá, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Irun tí wọ́n pa láró tàbí tí wọ́n fi kẹ́míkà nà máa ń sọ díẹ̀ nù nínú ẹ̀rí náà.

NNAL, tí wọ́n ń wá nínú ìtọ̀, yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Inú NNK ló ti ń wá, kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ, tó sì jẹ́ ti tábà nìkan. Ó lè wà nínú ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ènìyàn ti jáwọ́.

Ìbéèrè tí oníwádìí bá fẹ́ dáhùn ló ń pinnu àmì tí yóò wọ̀n: èémí fún ti òní, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ fún ti ọjọ́ mélòó kan, NNAL fún ti ọ̀sẹ̀, irun fún ti oṣù. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ́jú, wọ́n ń pa wọ́n pọ̀. Bí kótíníìnì ẹnì kan bá ga, tí èémí rẹ̀ mọ́, tí NNAL inú ìtọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ṣingọ́ọ̀mù oníníkótíìnì ni kótíníìnì náà ti wá, kì í ṣe inú sìgá.