ORÚKỌ RERE ÀTI ÀJẸKÙ IṢẸ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka wa)



Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ wo bí àwọn ará Ítálì ṣe sọ òwe yìí di òfin.

Ní agbègbè Parma àti Reggio Emilia, wọ́n ń ṣe wàràkàṣì kan tí ń jẹ́ Parmigiano Reggiano. Nǹkan bí lítà wàrà 550 ní í lọ sí odindi kan, tí yóò wọn bíi kílò 40. Ó kéré tán, oṣù 12 ni yóò lò lórí pẹpẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wá fi òòlù kékeré kàn án, yóò fetí sí dídún rẹ̀. Èyí tí kò bá yege, wọn a ha orúkọ kúrò lára èèpo rẹ̀.

Ní 1934 ni àwọn tó ń ṣe é ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1996, òfin ilẹ̀ Yúróòpù gba orúkọ náà wọlé. Ní 2008, ilé ẹjọ́ wọn ní Luxembourg ní ààbò náà kan orúkọ “Parmesan” pẹ̀lú.

Omi tó ṣẹ́kù lára wàrà ńkọ́? Wọn kì í dà á nù. Wọ́n ń fi díẹ̀ pamọ́ láti fi ṣe ti ọjọ́ kejì, ẹlẹ́dẹ̀ a sì mu nínú ìyókù. Itan irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe Prosciutto di Parma, tí òfin ń dáàbò bo orúkọ tirẹ̀ náà. Àjẹkù iṣẹ́ kan ń bọ́ iṣẹ́ kejì.

Nílé wa, ẹ̀rọ òkèèrè ń tẹ àwòrán adìrẹ sórí aṣọ, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ta ló ń pàdánù? Aláró Abẹ́òkúta ni.

Mo ti rí ibi iṣẹ́ kan tí wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ ọjà tí kò pé. Nígbà tí oníbàárà sá, òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, kì í ṣe ọ̀gá.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú yín lu òǹtẹ̀ mọ́ ọjà tí kò pé. Ẹ fi tó ẹgbẹ́ létí. Ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ẹ má da ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ tán sí gọ́tà. Dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ gbè é sí. Bí ilé iṣẹ́ bá sì ń ta àjẹkù irin àti aṣọ, kí á béèrè pé kí èrè rẹ̀ hàn nínú owó oṣù wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.