Ta ló ń ṣọ́ iná?

Nínú ìwé William Golding tó jáde ní 1954, ọkọ̀ òfuurufú já, àwọn ọmọkùnrin nìkan ló kù sí erékùṣù. Wọ́n dìbò, Ralph di olórí. Ó ní kí iná máa jó lórí òkè, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí èéfín. Jack kó àwọn tó ń ṣọ́ ọ lọ ṣọdẹ ẹlẹ́dẹ̀. Iná kú, ọkọ̀ kọjá lọ! Nígbà tí ẹran jiná, ta ló kọ̀ ọ́? Ralph pàápàá jẹ níbẹ̀.

Òun náà lẹ́bi o. Ó mọ ìpàdé í pè, àmọ́ nídìí àtíbàbà tí wọ́n ń kọ́, òun àti Simon nìkan ló kù. Àwọn yòókù ti lọ wẹ̀. Ẹlẹ́ran ló kó wọn lọ. Wọ́n jí awò ojú Piggy tí wọ́n fi ń dáná. Ó wá bèèrè rẹ̀, wọ́n yí òkúta pa á.