Oyè Nínú Ìjọ: Ṣé Òun Ni Ó Ń Mú Wa Ṣìnà?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá. Ìbéèrè ni, àwọn ọmọ wa sì ni wọ́n ń gbé e wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ní: ẹ̀yin Àgùdà, kí ni ẹ ń fi Póòpù, bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti diakoni ṣe? Ṣebí Jésù kọ̀ fún wa láti pe ẹnikẹ́ni ní bàbá ní ayé? Ṣebí oyè jíjẹ ni ó ba ìjọ àtijọ́ jẹ́? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè mọ́. Wọ́n ti dìde kúrò láàrin wa nítorí ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nípò. A kò lè fi ẹ̀rín dá irú wọn lóhùn.

Kí á tètè gbà pé olórí lè ṣìnà. Kì í ṣe ọ̀tá Ìjọ ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ń dágbére fún àwọn alàgbà Efésù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, ó sọ fún wọn lójúkojú pé láàrin àwọn fúnra wọn ni àwọn kan yóò ti dìde, tí wọn yóò máa fi ọ̀rọ̀ òdì fa àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sọ́dọ̀ ara wọn. Síbẹ̀ kò tú ìgbìmọ̀ alàgbà náà ká. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ ara wọn ná, kí wọ́n tó máa ṣọ́ agbo. Òun kan náà ni ó bá Pétérù Mímọ́ wí níwájú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù, nígbà tí Pétérù fà sẹ́yìn tí kò bá àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù jẹun mọ́. Pétérù kò tìtorí ìyẹn fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, Pọ́ọ̀lù náà kò sì lọ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìtàn kan wà tí a kì í sábà sọ létí àwọn ọmọ wa, ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa. Àlùfáà ni Arius, ní Alẹksáńdríà ti ilẹ̀ Íjíbítì, ní Áfíríkà wa níhìn-ín. Ó ń kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ Ọlọ́run. Ní ọdún 325 àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé jọ ní Níséà, wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ náà. Àpérò yẹn ni orísun ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí a ń kà ní Mísà. Ènìyàn yóò rò pé ọ̀ràn parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Késárì Constantius kò fẹ́ ti Níséà, ó sì ń lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí kò gbọ́ tirẹ̀ kúrò nílùú. Ní ọdún 359 ó pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìwọ̀-oòrùn jọ sí Rimini ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n lé ní 400. Níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn Níséà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dúró. Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé. Oṣù ń gorí oṣù, ìhalẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé tí ọba ń fẹ́.

Ta ni ó dúró nígbà náà? Athanasius dúró, bíṣọ́ọ̀bù Alẹksáńdríà, ẹni tí wọ́n lé lọ sí ìgbèkùn nígbà márùn-ún kí ó tó kú ní 373. Ní Áńtíókù, àwọn ọkùnrin méjì tí kò tíì gba oyè àlùfáà, Flavian àti Diodore, ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn jọ lóru síbi ibojì àwọn ajẹ́rìíkú, tí wọ́n ń kọ Sáàmù, ẹ̀gbẹ́ kan ń gbè, ìkejì ń dáhùn. Ní 1859, John Henry Newman, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé ní ìgbà náà àwọn ọmọ ìjọ di ìgbàgbọ́ mú ju ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn kan nínú. Síbẹ̀ Ìjọ fi í ṣe Kádínà ní 1879, ó sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 2019.

Nítorí náà, fìlà bíṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ó gbé wọn ṣubú ní Rimini. Ẹ̀rù ọba ni, àti ìfẹ́ ojúrere ọba. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà sì ni wọ́n tún pé jọ ní Konstantinópù ní 381 láti fi ìdí ìgbàgbọ́ Níséà múlẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí á pa oyè rẹ́ gbàgbé ohun kan. Ilé tí kò ní olórí tí a mọ̀, olórí tí a kò yàn ni yóò máa darí rẹ̀: ẹni tí ó lówó jù, tàbí ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù. Irú olórí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò pè é bi í? Ní nǹkan bí ọdún 96, ìjọ Kọ́ríńtì yọ àwọn alàgbà wọn láìnídìí, ìjà sì gba ibẹ̀ kan, tí Klémẹ́ǹtì Mímọ́ fi kọ̀wé sí wọn láti Róòmù. Oyè nìkan kò sì dá ìjà dúró. Láti 1378 di 1417, ẹni méjì, nígbà tí ó yá ẹni mẹ́ta, ni wọ́n ń pe ara wọn ní Póòpù. Ìtìjú ni. Ó sàn kí ọmọ wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa ju kí ó gbọ́ ọ níta.

Kí ni èyí kàn wá níhìn-ín? Alákétu kì í dá ọ̀ràn ìlú dá láìsí àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni wọ́n fi ṣe alága Àpérò Orílẹ̀-èdè Benin ní Kútọnù. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ ká ẹnu gbogbo ènìyàn, kí ìlú má sì tú. Àwọn katikísìtì wa àtijọ́ náà ń kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà ní abúlé tí kò ní àlùfáà, oyè wọn kò sì tó nǹkan.

Ìjọ fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé Lumen Gentium ti Àpérò Vatican Kejì, ní 1964, orí tí ó sọ nípa Àwọn Ènìyàn Ọlọ́run ṣáájú orí tí ó sọ nípa àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Òfin Ìjọ ti 1983, ní nọ́ńbà 212, sọ pé ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ di dandan fún un, láti fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ èrò rẹ̀ fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀. Nọ́ńbà 537 pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe ojúrere tí fáda ń ṣe fún wa, àṣẹ ni.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, nígbà tí wọ́n bá ń ka ìṣirò owó júbílì yìí, ẹ má ṣe dìde lọ sídìí oúnjẹ. Ẹ jókòó gbọ́. Ẹni tí ohun kan kò bá yé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kí ó na ọwọ́, kí ó kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, kí ó sì béèrè.