Ẹ Má Fi Okùn Hàn Wá: Ọ̀rọ̀ lórí Ọba Kò So àti Eré Tẹlifíṣọ̀n

  

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan mú ìwé eré kan tọ̀ mí wá. Wọ́n fẹ́ sọ Ọba Kò So, eré Dúró Ládípọ̀, di eré tẹlifíṣọ̀n òde òní. Ṣàngó di gómìnà. Tìmì àti Gbọ̀nkáà di olóṣèlú alágbára méjì tí gómìnà ń bẹ̀rù. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a yá àwọn ní bàtá àti aṣọ òrìṣà. Àwọn kan nínú wa ní kí n lé wọn. N kò lé wọn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo kọ̀ fún wọn.

Pípa eré dà kì í ṣe èèwọ̀. Ní 1968, Ọlá Rótìmí gbé ìtàn ọba ilẹ̀ Gíríìsì wọ ààfin Yorùbá, a sì gbà á bí ọmọ ilé. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí. Ní 1961, àwọn aṣáájú ìjọ bínú nítorí ìlù ìbílẹ̀ tí ó mú wọ orin Àjíǹde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1963, ó gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Ní 1964 ó gbé e dé Berlin. Ó ṣe eré fún tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn pẹ̀lú. Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọ̀tá wa.

Òpin ìwé eré náà ni ìjà wà. Gómìnà pokùn so, kámẹ́rà sì dúró lórí òkú. Ẹ̀yin olùsìn Ṣàngó mọ̀ pé ọ̀tá ló ń wí pé ọba so. Àwa ni à ń dáhùn pé kò so. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́ tí a fi bo ìtìjú. Ìjẹ́rìí ni pé ẹni tí ó wọlẹ̀ ti di òrìṣà. Bí kámẹ́rà bá fi okùn hàn, ó ti dá ẹjọ́ fún ọ̀tá, orúkọ eré náà sì di irọ́.

Àwa Ìgbómìnà kọ́ ló yẹ kí a kọ́ ní èyí. Bí Eléwe bá jáde, ta ní ń béèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ? Inú eégún ni eré alárìnjó ti ṣẹ̀. Aṣọ tí ó bo ènìyàn náà ló jẹ́ kí a rí ará ọ̀run.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí gómìnà jáde lóru, kí a má sì rí i mọ́. Kí rédíò kéde pé ó so. Kí ọ̀rọ̀ náà máa ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Kí ìyá arúgbó kan dìde láàárín ọjà, kí ó ní, “Kò so!” Lẹ́yìn náà, kí bàtá dún, kí àrá sán.

Wọ́n ní ẹni tí yóò náwó sí eré náà ní dandan ni kí òǹwòran rí òkú. Mo ní bàtá wa kò ní tẹ̀ lé okùn jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Bí wọ́n bá yọ okùn kúrò, ẹ má jẹ́ kí a fi ìlù dù wọ́n. Kí a kọ́ wọn ní ijó, kí a tún oríkì ṣe lẹ́nu wọn. Bí a bá kọ̀, ẹlòmíràn tí kò mọ Ṣàngó ni yóò kọ́ wọn.

Káwòó, kábíyèsí o!