Adéyẹmí Afọláyan, Ọmọ Agbamu: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Ní Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ní Ìlọrin

Nígbàtí Akọ̀wé bi mí léèrè ẹni tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí, tí mo sì dárúkọ òṣèré sinimá fún un, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín. Ó ní òun rò pé ọba tàbí jagunjagun ni àlùfáà yóò mú wá. N kò dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà nìyẹn: ẹni tí ń ṣeré, alágbe ni lójú wa. À ń fún un lówó, à ń rẹ́rìn-ín sí eré rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ kí ó wá tọrọ ọmọ wa.

Adéyẹmí Josiah Afọláyan, ẹni tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Adé Love, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì ní ìdí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwara tí ó lókìkí nínú iṣẹ́ sinimá. Wọn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dáhùn pé Kúnlé Afọláyan ni. Mo ní, “Ó dára, ta ni bàbá rẹ̀?” Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn wá sọ pé ará Èkó kan ni. Àwọn tí yóò máa kọ́ ọmọ wa ní ìtàn ilẹ̀ wa lọ́la ni mo ń sọ yìí o.

Agbamu, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 1940. Ní àkókò náà kò tíì sí ohun tí ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, nítorípé ọdún 1967 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ni ilẹ̀ náà wà. Ẹni tí ó bá wí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan Ìlọrin, ìtàn ni kò kà. Bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe ohun ìyanu pé irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbómìnà jáde. Ta ni kò mọ̀ wọ́n mọ́ egúngún? Ara egúngún ni àwọn alárìnjó ti wá, àwọn tí ń ti ìlú dé ìlú pẹ̀lú agọ̀ àti ìlù. Àwa ará Ìlọrin pàápàá, tí ẹ̀sìn ti mú wa fi eégún sílẹ̀, ohùn àwọn ọlọ́jẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa: ẹni tí ó bá tẹ́tí sí dàdàkúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú dáradára yóò mọ ibi tí odò náà ti ṣàn wá.

Ní ọdún 1966 ni Adéyẹmí wọ ẹgbẹ́ eré Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ọdún bíi márùn-ún ni ó fi sìn níbẹ̀, nígbàtí ó sì di 1971 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà láàrin wa kò lè mọ ohun tí dídá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ jẹ́ láyé ìgbà náà. Ọkọ̀ kan, tí ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ni ilé, ni ọ́fíìsì, ni àká ẹrù. Wọ́n á wọ ìlú ní ọ̀sán, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde yíká ìgboro, wọ́n á ṣeré ní alẹ́ nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á sì sùn sórí àga tí àwọn èrò dìde kúrò lórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò kò wá, ebi ni. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ni yóò kọ ìtàn, òun ni yóò kọ́ àwọn òṣèré, òun ni yóò ṣe olórí eré, òun náà ni yóò dúró ti owó ẹnu ọ̀nà.

Òun tìkára rẹ̀ jẹ́ oníyàwó púpọ̀ àti ọlọ́mọ púpọ̀. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà, ẹ kò ní retí pé kí n yìn ín fún èyí, n kò sì ní yìn ín. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ náà. Bàbá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ bá ẹgbẹ́ alárìnkiri lọ láìní ọkọ? Hubert Ògúndé, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n ọdún 1945, fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ní ìyàwó kí wọn má baà fi òun sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e sì rìn lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ̀gàn wa ni ó bí apá kan nínú ohun tí a wá ń tìtorí rẹ̀ gàn wọ́n.

Nísisìyí kí a bọ́ sórí sinimá. Títí di àárín ọdún 1970 sí 1979, sinimá tí a ń wò ní ìlú wa, ti Amẹ́ríkà ni, ti Índíà ni, ti àwọn ará Ṣáínà tí ń fò lókè ni. Ọlá Balógun, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Paris, ni ó kọ́kọ́ ya sinimá ńlá ní èdè Yorùbá, ní ọdún 1976. Àjàní Ògún ni wọ́n pè é, Adé Love sì ni ó ṣe olórí eré. Dúró Ládiípọ̀ pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà láyé nígbà náà yóò rántí bí àwọn ènìyàn ti ń ti ara wọn lulẹ̀ láti wọlé, nítorípé wọn kò tíì rí ọmọ Yorùbá kí ó máa sọ èdè Yorùbá lára aṣọ funfun rí. Lẹ́yìn èyí Adé Love lọ́wọ́ nínú gbígbé Ìjà Òmìnira jáde, tí Ọlá Balógun darí, tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ìwé tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ni ó di ohun tí ìyá aláta lè wò kí ó sì yé e. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ni ó ṣe, ó yẹ kí àwa olùkọ́ dìde dúró kí i.

Ní 1980 ó gbé Kádàrá jáde. Èyí ni àkọ́kọ́ tí ó kọ ìtàn rẹ̀ fúnrarẹ̀, tí ó gbé e jáde, tí ó sì tún ṣe olórí eré. Wọ́n gbé e lọ hàn níbi àjọ̀dún sinimá àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà ní Tashkent, ní ilẹ̀ Uzbekistan, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet láyé ìgbà náà. Ọmọ Agbamu! Lẹ́yìn náà ni Ìjà Orogún dé ní 1982, Taxi Driver ní 1983, Ìyá Ni Wúrà ní 1984. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù lọ láti sọ ni ti Mosebọ́látán, tí ó jáde ní 1985. Bàbá Sàlá ni ó gbé e jáde, ṣùgbọ́n Adé Love ni ó darí rẹ̀. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ wá jókòó sábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò sì rí i bí ìtìjú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ti le tó, nítorí àwọn ènìyàn rò pé olówó ni gbogbo wọn. Fíìmù ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi fóònù yà. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán tán nílé níbí, òkè òkun, ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ àwòrán aláwọ̀ dáradára ní Nàìjíríà. Owó pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń gbà. Nítorínáà, ẹ̀dà díẹ̀ ni onífíìmù lè san owó rẹ̀. Bí ó bá gbé e dé, yóò kọ́kọ́ fi í hàn ní gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú ní Èkó nígbà Kérésìmesì, Àjíǹde, tàbí Iléyá, lẹ́yìn náà yóò gbé agolo fíìmù àti ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, yóò sì máa ti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́bí ó ti ń ṣe láyé eré orí ìtàgé. Kò jẹ́ fi agolo náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá ni ó kọ́ gbogbo wọn lọ́gbọ́n: àwọn olè da Ọ̀run Mooru, tí ó jáde ní 1982, kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri kí ẹni tí ó ni ín tó rí owó rẹ̀ gbà padà, gbèsè sì bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀.

Ìṣòro kejì kò ní olè kankan tí a lè mú. Láti ọdún 1986, nígbàtí ìjọba ṣe àtúntò ọrọ̀ ajé, náírà já wálẹ̀ gidigidi níwájú owó òyìnbó. Owó fíìmù tí ènìyàn lè rí yá lánàá di ohun tí ilé àti ọkọ̀ kò lè san. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn onífíìmù wa fi agolo sílẹ̀, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì mú. Adé Love kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ayé tí ó mọ̀ ti lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni ó kú, ẹni ọdún 56.

Èmi kò rò pé ó kú láìní ajogún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tóyìn Afọláyan, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Lọlá Ìdíjẹ, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Mọ́jí, Kúnlé, Àrẹ̀mú àti Gabriel, gbogbo wọn ni wọ́n wọ iṣẹ́ náà. Ẹ sì gbọ́ èyí: bàbá wọn kò fẹ́ ẹ. Kúnlé ti sọ ní gbangba pé ìwé ni bàbá àwọn ń fẹ́ kí àwọn kà. Ẹni tí ó ti sùn lórí àga gbọ̀ngàn, tí ó ti mọ gbèsè Lọ́ńdọ̀nù, báwo ni yóò ṣe fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé ẹrù náà? Kúnlé gbọ́ràn fún ìgbà díẹ̀. Ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ó ṣeré nínú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, nígbàtí ó sì yá ó fi báńkì sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ sinimá ní New York.

Àwọn iṣẹ́ tirẹ̀ kò nílò kí n pẹ́ lórí wọn, ẹ ti wò wọ́n. The Figurine, tí ó jáde ní 2009, sọ ti ère Araromirẹ tí ń fún ènìyàn ní ọdún méje ire kí ọdún méje ibi tó tẹ̀lé e. Ẹ̀bùn márùn-ún ni ó gbà níbi ìdíje sinimá Áfíríkà ní 2010. October 1 ti ọdún 2014 mú wa padà sí ọjọ́ tí òmìnira ku dẹ̀dẹ̀. Aníkúlápó, tí ó jáde ní 2022, mú ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ dé ojú gbogbo àgbáyé, ó sì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn wò jù láàrin àwọn fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí Netflix. Bàbá ru agolo kiri ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Ọmọ jókòó sí ojú kan, àwòrán rẹ̀ sì dé Brazil ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀ mo rí ọwọ́ bàbá nínú iṣẹ́ ọmọ: owó ara ẹni, orúkọ ara ẹni, àti òwe tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè òyìnbó.

Èyí tí ó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ ọmọ wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó ní fóònù, ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì mi tí ó bá fẹ́ wo Kádàrá ní alẹ́ yìí, n kò mọ ilé tí n ó ní kí ó lọ ní gbogbo Ìlọrin. Agolo fíìmù kò fẹ́ràn ooru, kásẹ́ẹ̀tì ń hu funfun, ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ti bá òjò lọ. Àwọn tí ó bá a ṣeré ń darúgbó. Bí a ti ń jókòó kọ orúkọ àwọn ọba sílẹ̀, tí a ń bá ara wa jiyàn lórí ọdún tí ogun kan jà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa ń sọnù.

Nítorínáà mo bẹ Ẹgbẹ́ yìí ní ohun méjì. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì, àwòrán, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé ìkéde eré Adé Love nínú àpótí rẹ̀ mú un tọ Akọ̀wé wá, kí a lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí a sì dá a padà fún un. Èkejì, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ sí Agbamu kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí tó parí, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Owó ọkọ̀ kò pọ̀. Èmi yóò san ti ẹnìkan nínú wọn, bí Alága bá gbà, èmi náà yóò sì wà lára àwọn tí yóò lọ.