Ìrẹsì Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Àwọn Ìyá Wa

Láti Ọ̀fàdà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Iná ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò la tọrọ, nítorí náà bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn ohùn mi, ẹ fara dà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi lọ sí ibi tí àwọn màmá kan ti ń bọ ìrẹsì, ìrẹsì Ọ̀fàdà wa yìí tí òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú abọ́ dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀, mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin màmá, ẹ mọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì?” Ọ̀kan dáhùn pé, “Ṣebí ìyá Fẹlá ni, obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò.” Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí tíṣà kọ́ èmi náà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò, mọ́tò, mọ́tò. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí n tó mọ̀ pé ìrẹsì wà nídìí ìtàn obìnrin yìí. Ìrẹsì! Ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́ fún ọmọ Ọ̀fàdà.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ sí lọ́dún 1900. Ó lọ kàwé ní ìlú ọba láti 1919 sí 1922, nígbà tó dé, ó ju Frances, orúkọ òyìnbó rẹ̀, sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ti àwọn obìnrin alákọ̀wé ni: wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọ́ oúnjẹ sísè, wọ́n ń ṣe àpèjẹ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ìyá ọlọ́jà ò sí láàárín wọn. Ní 1944 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Àwọn ìyá náà wá kọ́ àwọn alákọ̀wé ní tiwọn: wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́jà.

Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọba òyìnbó ń wá oúnjẹ, ó ti fi iye lé ọjà, àwọn ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń já ìrẹsì gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tà á. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ ti gbìn ín, ẹ ti lé ẹyẹ, ẹ ti kórè, ẹ ti rẹ ẹ́ sómi, ẹ ti bọ̀ ọ́, ẹ ti sá a, ẹ ti gún un, ẹ ti fẹ́ ẹ. Ẹ wá gbé e lérí dé ojú ọ̀nà, kí ẹnì kan tó wọ ṣòkòtò péńpé sọ pé ó ti di ti ìjọba. Ẹgbẹ́ yẹn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn aláṣẹ, wọn ò dá wọn lóhùn. Wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ní 1945, gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí padà. Ní 1946 wọ́n di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó, ó ró ìró, ó wọ bùbá. Yorùbá ló sì ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó lọ wá ògbufọ̀.

Owó orí ló wá kàn. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san tiwọn lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin láti 16. Àwọn agbowó orí a máa bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ńṣe ni mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, obìnrin kan ṣoṣo ò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

Nígbà tí ìjọba ò gbà kí wọ́n wọ́de, wọ́n ní àríyá làwọn ń lọ. Fúnmiláyọ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bojú nígbà tí ọlọ́pàá bá ju tajútajú. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, wọ́n yí ààfin Aké ká, wọ́n kọrin mọ́jú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá, wọ́n lé ní 10,000, wọ́n sùn síbẹ̀. Wọn ò kúrò àfi ìgbà tí wọ́n tú àwọn obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, nítorí òyìnbó ló gbé agbára yẹn lé e lọ́wọ́, òun náà ló sì fi í síwájú. Ní 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, ọba sì kúrò nílùú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1949 ó fi ìtẹ́ sílẹ̀. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀. Ọba padà dé ní 1950 o, ẹ má jẹ́ kí n fi ìyẹn pamọ́.

Gbogbo èyí ni mo rò fún àwọn màmá wọ̀nyẹn lẹ́bàá iná. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, òkúta ló ń ṣà kúrò nínú ìrẹsì. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ọmọ mi, òru ni ìyá mi máa ń gbé ìrẹsì jáde lọ sọ́jà. Èmi á máa tẹ̀lé e, kò ní jẹ́ ká tan àtùpà. Láti ìgbà yẹn, mo rò pé oòrùn ló ń sá fún ni.”

Mo wo ẹ̀rọ mi. Bátìrì ti tán.

Mo ti bẹ ìyá, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bátìrì méjì ni mò ń gbé lọ.