Ọ̀rọ̀ lórí Owó Orí àti Iye tí Òfin Fi Sílẹ̀ fún Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ owó orí ni a gbé wá síwájú yín.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín kò ní gbàgbé bí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde ní 1968 àti 1969, tí ẹ̀mí sì ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí àgbẹ̀ kù sí £2. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ìjà náà kò tíì kúrò nílẹ̀: èló ni ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ènìyàn láti jẹun, kí a tó bu owó orí lé e?

Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January 2026 sọ pé ₦800,000 ni. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, ₦15 ni a ó san nínú ₦100. Ẹ jẹ́ kí a mú tíṣà kan tí ń gba ₦100,000 lóṣù. Láìka owó ìfẹ̀yìntì, ₦78,000 ni ì bá san lọ́dún lábẹ́ òfin àtijọ́. Nísinsìnyí ₦60,000 ni. Bí ó bá sì ń san ₦200,000 fún onílé lọ́dún, òfin gbà kí ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kúrò, owó orí rẹ̀ yóò sì di ₦54,000. Nítorí náà, ẹ máa gba rìsíìtì owó ilé. Àwọn onílé kan wà tí ojú wọn máa ń le bí a bá bèèrè rẹ̀. Ẹ bèèrè síbẹ̀.

A dúpẹ́ fún èyí, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀. Ní 2011, ₦200,000 pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ènìyàn ń gbà ni òfin fi sílẹ̀ fún un. ₦18,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù nígbà náà, èyí tí í ṣe ₦216,000 lọ́dún. Títí 2025 fi parí, a kò fi kọ́bọ̀ kan kún ₦200,000 yẹn, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù náà ti di ₦70,000 láti 2024. ₦840,000 ni ìyẹn lọ́dún. A jẹ́ pé ₦800,000 ti kéré láti ọjọ́ tí a ti bí i. Òfin dá ẹni tí ń gba ₦70,000 sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba ₦75,000, bí kò bá ní ohun mìíràn láti yọ, yóò san ₦15,000 lọ́dún.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù mọ bí £12,570 ti dúró lójú kan láti 2021. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni a ń tún tiwọn ṣe bí ọjà ti ń gbówó lórí: $5,202 ní 2022, $5,363 ní 2023, $5,540 ní 2024, fún ẹni tí kò ní aya tàbí ọkọ. Irú èyí ni a ń fẹ́.

Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ń gba owó náà (ará Èkó wa ń san án fún Èkó, ìdí nìyí tí a fi ń dá owó fún ìlú lọ́tọ̀), ṣùgbọ́n Abuja ni a ti ń ṣe òfin rẹ̀. A ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí aṣòfin wa níbẹ̀, pé nígbàkígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù bá gòkè, kí ₦800,000 náà gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ẹ tó máa lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí i.